Ta Ló Ń Sọ fún Ọ̀yà pé Wọ́n Ti Tó?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní abúlé kan nítòsí Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. Ọdẹ ni bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe oko iṣu àti kajú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹran ọ̀yà kì í wọ́n nílé wa. Bàbá mi máa ń sọ pé tí ọdẹ bá pa ọ̀yà nínú àfonífojì kan lọ́dún yìí, àwọn tó kù á yára bí rọ́pò wọn. Wọ́n ní tí a bá sì fi àfonífojì náà sílẹ̀ láìpa nǹkan kan, ọ̀yà ò ní torí ẹ̀ kún un kọjá bó ṣe máa ń kún. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní ilẹ̀ ló mọ iye tó lè bọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ni ọmọbìnrin kan bá dìde, ó ní: “Olùkọ́, ta ló ń kà wọ́n? Ta ló ń sọ fún ọ̀yà pé wọ́n ti tó?” Mi ò rí èsì fún un. Ṣé àwọn ẹranko fúnra wọn ló ń dá ìbí dúró ni? Àbí ikú ló ń ka iye? Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń rọ́pò ara wọn lóòótọ́, kí ló dé tí ọ̀yà fi ń wọ́n sí i lọ́dọ̀ wa? Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan igi pẹ̀lú?

ÌDÁHÙN

Olùkọ́, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn dáadáa. Ohun tó béèrè yìí ni onímọ̀ ìṣirò kan ní Belgium, Pierre-François Verhulst, jókòó tì títí tó fi gbé èsì tirẹ̀ jáde lọ́dún 1838, àwọn onímọ̀ ẹranko ò sì tíì yéé jiyàn lé e lórí. Ọmọ tó bá lè dìde ní kíláàsì béèrè irú ẹ̀, ó yẹ kó gbọ́ èsì kó tó jókòó.

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí nìyí. Bàbá yín ti rí i pé iye ọ̀yà kì í kọjá ibì kan, kì í sì í tètè tán, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń mójú tó o. Ẹ̀yin àti ọmọ yẹn wá ń wá ẹni náà. Kò sí ẹni náà. Ọ̀yà kankan ò mọ iye ọ̀yà tó wà nínú àfonífojì. Ohun tí kálukú wọn mọ̀ kò ju ìpín tirẹ̀ lọ: koríko tó wà níwájú ẹnu rẹ̀, ihò tó lè sá wọ̀, akọ tó ń lé e kiri. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà ni ìpín kálukú ń dín kù, ìpín tó dín kù yẹn ló sì ń mú ìbí rọlẹ̀, tó ń mú ikú pọ̀ sí i. Pípọ̀ lójú kan yìí ni mo máa pè ní ìfúnpọ̀ nínú èsì mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe máa rí ká ní kò sí ohun tó ń mú wọn. Oyún oṣù márùn-ún ni ọ̀yà ń gbé. Ọmọ bíi mẹ́rin ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọmọ rẹ̀ á ti lajú, irun á ti wà lára rẹ̀ kó tó jáde, kò sì ní pé ọdún kan tí òun náà á fi gboyún. Ká ní a fi akọ kan àti abo kan sí ẹsẹ̀ òkè kan, tí nǹkan kan ò pa wọ́n, tí oúnjẹ ò sì wọ́n wọn. Abo á bí mẹ́jọ lọ́dún, ká ní mẹ́rin nínú wọn jẹ́ abo. Lópin ọdún kìíní, abo márùn-ún ló wà. Lópin ọdún kejì, 25. Ọdún karùn-ún, 3,125. Tó bá fi máa pé ọdún kẹwàá, abo á ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, akọ á tó bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ wọn á sì ju gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè Benin lọ. Ọ̀yà ti ń jẹ koríko lẹ́sẹ̀ àwọn òkè yín kí àwọn baba ńlá Ìdáàṣà tó tẹ̀dó síbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò tíì gba àárín ọ̀yà kọjá kẹ́ ẹ tó dé ọjà. Nǹkan kan ń mú wọn, ìyẹn dájú.

Ẹ̀yin ará Ìdáàṣà ti rí irú ẹ̀ láàárín ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn olùjọsìn bá rọ́ wá sí ihò àpáta Màríà ní Àrígbó, kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kà wọ́n. Ẹni tó tètè dé rí yàrá. Ẹni tó tẹ̀lé e rí ẹní lábẹ́ òrùlé. Ẹni tó dé lóru sùn sábẹ́ igi. Omi tí ìdílé kan ń pọn lówùúrọ̀ láìtò, ó ti di ohun tí èrò ń tò fún. Kò sẹ́ni tó kéde pé ìlú ti kún. Ara ẹni tó dé kẹ́yìn ló sọ fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ti ọ̀yà, ẹ tẹ̀lé bàbá yín jáde ní oṣù kejì, nígbà tí iná pápá ti jó tán tí òjò ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gun àpáta kan díẹ̀ kẹ́ ẹ wẹ̀yìn. Ilẹ̀ dúdú lẹ máa rí lọ bẹẹrẹ, àfi ìlà ewé tútù kan tó ń bá etí odò lọ bí okùn. Inú okùn yẹn ni ọ̀yà àfonífojì náà kó ara wọn jọ sí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí èèsún. Ọ̀yà kì í fa koríko tu. Eyín gbọọrọ iwájú rẹ̀ ló fi ń gé e, ojú ibi tó gé á mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi àdá gé e. Á jẹ ibi tó lómi nínú igi koríko náà, á da ìyókù sílẹ̀. Níbi tí ọ̀yà ò bá pọ̀, ẹ máa rí ìyókù yẹn nílẹ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, torí wọ́n rí òmíràn gé. Níbi tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ìdí èèsún á ti di kùkùté, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà á ti dán, èyí tí wọ́n dà nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì máa padà wá jẹ.

Ẹ wá fi ojú inú wo abo ọ̀yà kan níbẹ̀. Gbígbẹ ló ń jẹ, kò sì lè sanra. Abo tí kò sanra lè pẹ́ kó tó gboyún. Tó bá gbà á, ọmọ inú rẹ̀ lè jẹ́ méjì dípò mẹ́rin, wàrà rẹ̀ sì lè má tó méjèèjì. Ẹ wo ọmọ rẹ̀ akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Akọ ńlá kan ló máa ń ni agbo ilé ọ̀yà, pẹ̀lú abo mélòó kan àti ọmọ wọn, akọ yẹn ò sì ní gba akọ mìíràn láyè. Á lé e. Tí etí odò bá ṣì ní ibi tó ṣófo, ọmọ náà á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá sí, orí ilẹ̀ tó jó ló máa bọ́ sí, níbi tí àwòdì ti ń wò ó láti òkè, tí ajá ọdẹ ń gbóòórùn rẹ̀. Òjòlá náà kì í kúrò níbi tó ti ń rí ẹran jẹ. Aràn àti eégbọn sì rèé, ibi tí ara bá ti súnmọ́ ara ni wọ́n ti ń tàn. Kò sí èyí tó ka ọ̀yà nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń le sí i bí ọ̀yà ṣe ń pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń rú ènìyàn lójú nìyí, ó sì rú èmi náà lójú fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Ẹ béèrè bóyá ikú ló ń ka iye. Ikú kan wà tó ń kà, òmíràn sì wà tí kò mọ̀ ọ́n kà rárá. Ká ní iná jó pápá kan tí ọ̀yà 40 wà nínú rẹ̀, ó pa 4. Lọ́dún mìíràn, 400 ló wà níbẹ̀, iná sì pa 40. Lójú ẹni tó ń ṣa òkú ẹran, ikú ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló kú. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan náà nínú mẹ́wàá ni. Iná yẹn dín wọn kù lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ nínú pápá tó kún àti pápá tó ṣófo, kò sì lè mú iye wọn dúró síbì kan. Ohun tó ń ṣàkóso iye ni èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá di 400, kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló máa mú mọ́, ó lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin; tí wọ́n bá sì padà sí 40, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. “Mélòó ló kú?” kò tó láti béèrè. “Mélòó nínú mẹ́wàá, ṣé iye yẹn sì yí padà nígbà tí wọ́n pọ̀?” ni ìbéèrè tó máa là á.

Àwọn òkè yín tún fi nǹkan kan kún un tó wù mí púpọ̀. Ọ̀yà máa ń sá wọ pàlàpálá àpáta. Ká ní pàlàpálá tó wà lẹ́sẹ̀ òkè kan gba 60. Lọ́dún tí 40 péré bá wà, gbogbo wọn á rí ibi wọ̀, iná á kọjá. Lọ́dún tí wọ́n bá jẹ́ 400, 340 wà níta. Iná kan náà ni, òkè kan náà ni, àmọ́ iná tí kò mọ iye kà tẹ́lẹ̀ ti wá ń kà á, torí pé ibi ìsápamọ́ ní ìwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ti jà gidigidi lórí èyí. Ní Australia, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nicholson ti ń sọ láti ọdún 1933 pé ìfúnpọ̀ ló ń mú iye ẹranko dúró. Andrewartha àti Birch, tí àwọn náà wà ní Australia, kọ ìwé lọ́dún 1954 pé ojú ọjọ́ ni. Lójú tèmi, ihò àpáta Ìdáàṣà lè bá wọn parí apá kan nínú ìjà náà: ẹ̀ẹ̀rùn ló mú iná wá, ìfúnpọ̀ ló pinnu ẹni tí kò ní rí ihò wọ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá àwọn ẹranko fúnra wọn ló ń dá ìbí dúró. Ẹ ò dá nìkan rò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ní Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, Wynne-Edwards, kọ ìwé gbàǹgbà kan lọ́dún 1962 láti fi hàn pé ẹranko máa ń dín ọmọ bíbí kù kí ẹgbẹ́ wọn má bàa jẹ oúnjẹ wọn tán. David Lack ní Oxford ta kò ó, ọ̀dọ̀ Lack sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ dúró sí lónìí. Ẹ wo ìdí. Ká ní abo mẹ́sàn-án dín ìbí kù nítorí ẹgbẹ́, tí ẹ̀kẹwàá kọ̀ tí kò dín in. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọmọ ta ló máa kún etí odò? Ọmọ ẹ̀kẹwàá ni, ìwà ìyá wọn ni wọ́n á sì máa hù. Nítorí náà, tí abo ọ̀yà bá bí méjì lọ́dún tí wọ́n pọ̀, kì í ṣe pé ó ro ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò gba ju bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sin ọ̀yà nílé lè jẹ́rìí sí i. Ẹ mọ̀ pé Benin wà lára àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni Benin àti Jámánì ti jọ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ wọ ilé ẹni tó ń sìn wọ́n. Ọ̀yà tó wà lábẹ́ òrùlé kan lè pọ̀ ju èyí tó wà nínú àfonífojì kan lọ. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí koríko bá ń wọlé lójoojúmọ́, tí ẹni tó ń sìn wọ́n sì ya àwọn akọ sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa ṣe ara wọn léṣe, abo á máa bí. Ká ní iye ló ń kà ni, ì bá ti dáwọ́ dúró. Ìpín tirẹ̀ tó pé ló ń jẹ́ kó máa bí lọ.

Ẹ̀rí tó tóbi jù tí mo mọ̀ ní Áfíríkà wà ní Serengeti, ní Tanzania. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wildebeest, oníwo bíi ti màlúù, tó ní irùngbọ̀n, tó máa ń rìn ní agbo ńláńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ń pa ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn màlúù tó wà láyìíká lábẹ́rẹ́, àrùn náà kúrò lára àwọn wildebeest ní nǹkan bí ọdún 1963. Lọ́dún 1961, wọ́n tó bí 250,000. Nígbà tó fi máa di 1977, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kìnnìún wà níbẹ̀, ìkookò wà níbẹ̀, wọn ò lè dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dúró fúnra wọn, wọn ò tún di mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn tó ń yẹ òkú wọn wò rí i pé ebi ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù, àti pé bí koríko tó kan orí kọ̀ọ̀kan bá ṣe kéré tó lẹ́ẹ̀rùn ni iye tó ń kú nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ń ga tó. Etí odò yín ni, àmọ́ ó gbòòrò ju tiyín lọ.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìdádúró yìí ti ń wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́dún 1944, wọ́n kó àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù 29 lọ sí erékùṣù St. Matthew ní Alaska. Kò sí ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ níbẹ̀, ewéko ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ sì ti hù jọ láti ọdún gbọọrọ. Lọ́dún 1963, wọ́n ti di 6,000. Ohun tí ilẹ̀ ti kó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà ìpín wọn ò tètè fi hàn pé wọ́n ti kọjá àyè wọn. Òjò yìnyín líle kan dé lọ́dún náà. Lọ́dún 1966, 42 ló kù. Tí àwọn ọmọ bá bi yín pé ṣé ilẹ̀ máa ń sọ fún ẹranko lásìkò, ẹ sọ fún wọn pé nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ kó tó sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ òótọ́ náà ní ààlà, ààlà yẹn ló sì dáhùn ìbéèrè yín nípa ọ̀yà tó ń wọ́n. Mo fi ọ̀nà Verhulst ṣe ìṣirò kan. Àfiṣàpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe pé mo lọ ka ọ̀yà Ìdáàṣà. Ká ní àfonífojì kan lè bọ́ 400, àti pé ọ̀yà tí ayé bá rọ̀ lọ́rùn pátápátá lè di ìlọ́po méjì lọ́dún. Tí 400 bá wà níbẹ̀, ìbí àti ikú dọ́gba, èrè ọdún jẹ́ òdo. Tí 300 bá wà, 75 ló máa lé sí i. Tí 200 bá wà, 100 ló máa lé, kò sì sí ìgbà tí èrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí 100 bá wà, ó padà sí 75. Tó bá jẹ́ 20 ló ṣẹ́kù, 19.

Ohun tí bàbá yín fi ojú rí nínú igbó ló hàn nínú iye yẹn. Ọdẹ tó ń pa 75 lọ́dún níbi tí 300 wà kò dín àfonífojì kù, wọ́n á rọ́pò ara wọn. Ẹni tó sì fi àfonífojì tó ti ní 400 sílẹ̀ láìpa nǹkan kan kò ní bá 500 níbẹ̀. Àmọ́ ká ní ọ̀dá líle kan mú wọn wálẹ̀ sí 80. Èrè ọdún yẹn jẹ́ 64. Ọdẹ pa 75 rẹ̀ bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀, ó ku 69. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ku 51. Lọ́dún kẹta, 20. Lọ́dún kẹrin, àfonífojì ti ṣófo kó tó pa 75 pé. Ọdẹ náà ò ṣe ju bó ṣe ń ṣe lọ. Iye kan náà tí igbó fi ń ṣeré nígbà tó kún ló gbẹ́ ẹ tán nígbà tó fẹ́ẹ́ ṣófo.

Ohun kejì tún wà tí mo rò pé ó wúwo jù lọ́dọ̀ yín. 400 yẹn fúnra rẹ̀ lè yí padà. Ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, tí èèsún àti koríko gíga gbà, ibẹ̀ ni ilé ọ̀yà. Ilẹ̀ yẹn ni kajú ń gbà ní agbègbè yín lọ́dọọdún, abẹ́ kajú tí a ń ro kì í sì í ní koríko tó lè bo ọ̀yà. Mi ò bá kajú jà. Òun ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ tó ń bọ́ 400 bá wá ń bọ́ 200, èrè tó pọ̀ jù tó lè mú wá lọ́dún kò ju 50 lọ. Nígbà náà, kò sí bí ọdẹ ṣe lè máa rí 75 lọ́dọọdún, bó ti wù kí igbó kọ́kọ́ kún tó. Ìrírí bàbá yín ò yẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kó o jọ ló ti yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe nínú ìṣirò mi. Mo ní 20 á fi 19 kún ara wọn, ìyẹn ti ṣe ọ̀yà lóore jù. Tí ogún ọ̀yà bá fọ́n ká inú àfonífojì tó fẹ̀, akọ lè wá abo títí kó má rí i. Warder Allee, ọmọ Amẹ́ríkà, ló pe àkíyèsí sí èyí láàárín ọdún 1930 sí 1940: pé ìdánìkanwà náà máa ń pa ẹranko lára, gẹ́gẹ́ bí ìfúnpọ̀. Ẹ wo awó. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, àwọn kan á máa jẹ, àwọn kan á gbé ọrùn sókè, ẹni tó kọ́kọ́ rí àṣá á ké, gbogbo wọn á fò. Awó méjì ò lè máa jẹ kí wọ́n tún máa ṣọ́nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ìṣirò mi ń sọ, pé bí wọ́n bá ṣe kéré tó ni kálukú wọn ṣe ń yára bí sí i tó, kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí wọ́n bá ti kéré jù.

Ní ti igi, bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn án. Ẹ ti rí ìrókò nínú igbó orò, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru tó ń gbé hóró rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ gbìn ín ní ìlà lọ bẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì, kòkòrò tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Á wọ inú ewé tuntun, ewé á wú bí eéwo, eéwo náà á bẹ́, ọ̀mùnú á sì jẹrà. Ìrókò kékeré tó dá wà láàárín igi mìíràn, kòkòrò náà lè má rí i títí tó fi máa ga. Èyí tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó bá ti rí ọ̀kan, ó ti rí gbogbo wọn.

Mo ní iṣẹ́ kan fún kíláàsì yín tẹ́ ẹ bá fara mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá yín tàbí ọdẹ mìíràn bá mú abo ọ̀yà wálé, tí àwọn obìnrin bá ń là á, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan wà nítòsí pẹ̀lú ìwé. Kó kọ oṣù tó jẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ti mú un, bóyá ọ̀rá wà ní kíndìnrín rẹ̀, àti iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀ tó bá lóyún. Kó tún béèrè lọ́wọ́ ọdẹ bóyá ó rí ọ̀pọ̀ ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ àbí díẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àti òjò méjì. Tí iye ọmọ inú bá ń dín ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n pọ̀ sí, tó sì ń pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti wọ́n, àwọn ọmọ náà á fi ojú ara wọn rí ohun tí mo fi gbogbo ojú ewé yìí ṣàlàyé. Tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, torí mo fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ọmọbìnrin tó béèrè yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó di ìwé náà mú.